Ẹ̀rín Tó Dé Ojú: Báwo Lẹni Tá Ò Mọ̀ Rí Ṣe Ń Di Ọ̀rẹ́ Wa?

Ẹni tó bá ti kó lọ síbi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní yunifásítì, gbogbo èèyàn ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí yín, ẹ̀yin náà ń rín in padà. Àmọ́ tílẹ̀ bá ṣú, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ lè pè kẹ́ ẹ jọ jẹun. Nínú gbogbo ẹ̀rín yẹn, èwo ló wá ń di ọ̀rẹ́?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Guillaume Duchenne, tó tẹ ìwé kan jáde lọ́dún 1862 nípa iṣan ojú. Iná mànàmáná ló máa ń fi kan ojú èèyàn kí iṣan lè súnkì, á sì ya fọ́tò rẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló lò jù. (Ẹ má bẹ̀rù o, awọ ojú bàbá náà ti kú, kì í mọ ìrora níbẹ̀.) Duchenne rí i pé iṣan méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rín tó ti ọkàn wá. Ọ̀kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́, zygomatic major ni wọ́n ń pè é, òun ló ń fa igun ẹnu sókè. Ìkejì ni orbicularis oculi, tó yí ojú ká. Òun ló ń jẹ́ kí ojú kéré díẹ̀, kí awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ká jọ. Ẹnikẹ́ni lè pàṣẹ fún ti ẹnu. Ṣùgbọ́n Duchenne ní inú dídùn nìkan ló ń jí ti ojú.

Nínú ìwé tí Charles Darwin gbé jáde lọ́dún 1872, ó ní òun fi fọ́tò ibi tí iná ti fa ẹnu bàbá náà nìkan han èèyàn 24. Àwọn 3 ò mọ ohun tí ojú náà ń sọ rárá. Àwọn yòókù rí i pé ó jọ ẹ̀rín, àmọ́ kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Àwọn kan tiẹ̀ ní ńṣe ló ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn bàbá wa ò sì nílò iná kí wọ́n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Duchenne sọ ọ́ kọjá bó ṣe yẹ. Ìwádìí òde òní fi hàn pé ọ̀pọ̀ èèyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ fi ojú rẹ́rìn-ín. Gbájúẹ̀ náà lè ṣe é dáadáa! Torí náà, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ máa wo ẹ̀gbẹ́ ojú èèyàn láti mọ ọ̀rẹ́ òtítọ́, ẹ má dá a lóhùn.

Ìwádìí tó wù mí jù lèyí tí Robert Kraut àti Robert Johnston ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 1979. Ibi tí wọ́n ti ń ta bowling ni wọ́n lọ, eré tí wọ́n máa ń yí bọ́ọ̀lù ńlá lọ gbá àwọn igi tó wà ní ìdúró. Wọ́n ṣọ́ ojú àwọn tó ń ta á. Ẹni tó gbá a dáadáa kì í sábà rẹ́rìn-ín nígbà tó ṣì kọjú sí igi. Ìgbà tó bá yíjú sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ̀rín ń bọ́! Ẹ ò rí i pé ayọ̀ nìkan ò tó. Ẹ̀rín ń wá ẹni tó máa gbà á. Robert Provine náà rí i pé, tá a bá yọ tẹlifíṣọ̀n àti ìwé kúrò, èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín láàárín ẹlòmíì ní ìlọ́po 30 ju ìgbà tó bá dá wà lọ. Àwàdà kọ́ ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ lásán ni, bíi “ó dìgbà kan ná.”

Èyí ló jẹ́ kí n rò pé ká dúró síwájú dígí máa kọ́ ẹ̀rín ò lè ṣe wá láǹfààní kan. Ibi téèyàn á ti bá ẹlòmíì rẹ́rìn-ín ló yẹ kó máa wá. Ìyẹn náà sì ń gba àkókò. Jeffrey Hall ní Yunifásítì Kansas bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun àtàwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sílùú míì léèrè, ó sì ṣírò pé nǹkan bíi wákàtí 50 lẹni tá a kàn mọ̀ fi ń di ọ̀rẹ́ lásán, 90 kó tó di ọ̀rẹ́ gan-an, ó sì lé ní 200 kó tó di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Wákàtí eré àti ìtàkúrọ̀sọ ló ń kà jù. Èyí tẹ́ ẹ fi jọ ṣiṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ kà.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Èmi ńkọ́, tí ojú mi máa ń le?” Mo bá irú ẹ̀yin bẹ́ẹ̀ gbé yàrá rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi rò pé ọmọkùnrin yẹn kórìíra mi. Alẹ́ ọjọ́ kan ni iná lọ, ó gbé ludo jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a sì ta á títí tórṣì fi kú. Ìgbà tó pa ọmọ ayò mi kẹta ni mo kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀.