Ìkùukùu ni Omi Rẹ̀

Bí a bá gbọ́ ‘aṣálẹ̀’, iyanrìn, oòrùn àti òùngbẹ ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo etí Òkun Pàsífíìkì ní Baja California, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò. Òjò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, síbẹ̀ ìkùukùu a máa bo ilẹ̀. Omi òkun tí ó ń ti àríwá ṣàn bọ̀ tutù. Afẹ́fẹ́ tí ó bá gba orí rẹ̀ kọjá yóò tutù pẹ̀lú, ọ̀rinrin inú rẹ̀ yóò sì di ìkùukùu.

Lára àpáta ibẹ̀, títí dé California ní Amẹ́ríkà, ni láíkìn tí a ń pè ní Niebla homalea ń gbé. Ó rí bí ìdì ìgbálẹ̀ kékeré tí ẹ̀ka rẹ̀ pẹlẹbẹ. Kì í ṣe ewéko rárá. Ẹ̀dá méjì ni ó para pọ̀: ọ̀kan jẹ́ ìbátan olú tí à ń jẹ, èkejì jẹ́ ohun wínníwínní, irú èyí tí ó máa ń sọ ara ìkòkò omi di aláwọ̀ ewé. Ìbátan olú ni ó kọ́lé, tí ó di àpáta mú. Èkejì ni ó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ. Nígbà tí Simon Schwendener kéde ní 1867 pé báyìí ni láíkìn rí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà á gbọ́. N kò bá wọn wí. Ta ni yóò kọ́kọ́ gbà?

Kò ní gbòǹgbò tí ń fa omi. Gbogbo ara ni ó fi ń mu ún. Bí ìkùukùu bá bò ó lóru, á rọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, iṣẹ́ oúnjẹ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti mú, á gbẹ, iṣẹ́ á dúró. Kò kú o. Ó ń retí ìkùukùu mìíràn. Wákàtí díẹ̀ yìí ni ó fi ń dàgbà, nítorí náà ìdàgbàsókè rẹ̀ kò yá.

Ramalina homalea ni Acharius, ará Sweden, pè é ní 1810. Ní 1978 ni Rundel àti Bowler fún un ní Niebla. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Sípéènì ni. Ìkùukùu ni ìtumọ̀ rẹ̀. Orúkọ yìí bá a mu gan-an.

Ẹ̀yà mélòó ni Niebla ní? Ní 1996, Richard Spjut wo ìrísí wọn àti èròjà inú wọn, ó ka ohun tí ó ju 40 lọ. Àwọn mìíràn ní kò tó bẹ́ẹ̀ rárá, pé ẹ̀yà kan náà ni ó ń yí ìrísí padà. Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe ti orúkọ lásán. Bí ẹ̀yà díẹ̀ ni wọ́n, tí a bá fọ́ àpáta etí òkun kan láti kọ́lé, ìyókù ṣì wà níbòmíràn. Bí wọ́n bá ju 40 lọ, ó lè jẹ́ pé orí àpáta yẹn nìkan ni ọ̀kan nínú wọn wà.