ÌṢUBÚ KAN NÁÀ
Kà: Òwe 24:15-16

Bí ọ̀dọ́ bá wà nílé rẹ ní Ogbooro, o ti lè rí i níbi tó ti dì mọ́ géèmù lálẹ́, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké. Ọ̀kan nínú wọn ni God of War, tó jáde fún PlayStation 2 ní 2005. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Kì í ṣe ti ọmọdé.

Ẹni tó kàn ń tẹ bọ́tìnnì wàràwàrà máa ń tètè kú níbẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ a rí bí ọ̀tá ṣe ń gbára dì kó tó kọlù ú. Bí o bá kú léraléra, géèmù náà á bi ọ́ bóyá o fẹ́ kí ìjà rọrùn. Ṣùgbọ́n ìjà nìkan ló ń rọrùn. Ibi gíga tí o ti ń já bọ́ kò yí padà.

Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìbínú kan náà, irọ́ kan náà, ló ń gbé ọ ṣubú? O ń gbàdúrà kí ìdánwò dínkù, o kò wo ohun tó máa ń ṣáájú ìṣubú rẹ.

Rántí pé nínú géèmù, gbogbo nǹkan á bọ̀ sípò bí o bá tún un bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ọ̀rọ̀ tí o sọ sí ẹnì kejì rẹ lánàá ṣì ń dùn ún. Bẹ̀ ẹ́ kí o tó lọ sóko.

Àdúrà: Baba, là mí lójú sí ohun tó ń gbé mi ṣubú, kí o sì ràn mí lọ́wọ́ láti tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe, ní orúkọ Jésù. Àmín.