Oògùn Agbára Nínú Eré Ìdárayá

Ẹ̀yin ará, bí a bá pe oògùn nínú ẹ̀kọ́ yìí, kì í ṣe ońdè tàbí ìgbàdí ni à ń wí. Oògùn òyìnbó ni, oníhóró tàbí abẹ́rẹ́, tí àwọn eléré kan ń lò kí wọ́n lè ní agbára tí kì í ṣe tiwọn. Ẹnì kan lè bi wá pé, "Ẹni tó jẹ iyán yó kó tó lọ roko ńkọ́?" Oúnjẹ kò léèwọ̀. Oògùn agbára ni òfin eré kọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀.

Ìdí kìíní ni ẹ̀mí ènìyàn. Tom Simpson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a máa fi kẹ̀kẹ́ díje. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje, ọdún 1967, ó ń gun òkè kan ní ilẹ̀ Faransé nínú oòrùn gangan. Ó ti lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé ó ti rẹ òun. Ara ní kó sinmi, oògùn ní kó máa lọ. Ó ṣubú, wọ́n gbé e padà sórí kẹ̀kẹ́, ó tún ṣubú, ó sì kú. Ẹni ọdún 29 péré ni.

Ìdí kejì ni òtítọ́. Ní ọdún 1988, ní ìlú Seoul ní Kòríà, Ben Johnson ọmọ Kánádà sáré 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 9.79. Ẹnikẹ́ni kò sáré tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì bá oògùn tí ń mú iṣan ki níbẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀bùn wúrà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún ẹni tó ṣe ìkejì. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yẹ eléré wò? Òṣìṣẹ́ lè dé láìròtẹ́lẹ̀. Eléré yóò tọ̀ lójú rẹ̀. Wọn yóò pín ìtọ̀ náà sí ìgò 2, A àti B, wọn yóò sì dì wọ́n pa. Nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ sára ìgò, kì í ṣe orúkọ, kí ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò má baà ṣe ojúsàájú. Bí wọ́n bá rí oògùn nínú ìgò A, eléré lè ní kí wọ́n ṣí ìgò B lójú òun.

Àjọ àgbáyé tí ń mójú tó ọ̀ràn yìí ni WADA. Ọdún 1999 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Lọ́dọọdún ni ó ń tẹ orúkọ àwọn oògùn èèwọ̀ jáde.

Ọ̀ràn yìí kàn wá nílé. Ní ọdún 2021, wọn kò jẹ́ kí 10 nínú àwọn eléré orí pápá Nàìjíríà díje ní Tokyo. Kì í ṣe pé wọ́n bá oògùn lára wọn o! Òfin ní kí wọ́n ti yẹ olúkúlùkù wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìròtẹ́lẹ̀ láàárín oṣù 10 ṣáájú ìdíje, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tiwọn kò pé. Báyìí ni iṣẹ́ tí àwọn alákòóso kò ṣe pé ṣe di ìyà eléré. Àyẹ̀wò kì í ṣe ọ̀tá olóòótọ́. Òun ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Bí ọmọ yín bá ń sáré fún iléèwé rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó gbé oògùn tí ẹ kò mọ̀ mì. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, kí ẹ sì bi dókítà. Ohun tí wọ́n bá bá lára eléré, òun ni yóò dáhùn fún un.

Ìbéèrè
1. Kí ló pa Tom Simpson lára?
2. Èéṣe tí wọn kì í kọ orúkọ sára ìgò?
3. Kí ló dá àwọn eléré 10 dúró ní Tokyo?