Kí Ló Gbé Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣubú?

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń retí ẹni tí yóò fà á dìde, àgbà ń wá ohun tó gbé e ṣubú. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń múra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún aròkọ yunifásítì gbọ́dọ̀ ní ojú àgbà yìí, nítorí kò sí ọjọ́ tí ìwé tó kún fún àṣìṣe kò ní dé orí tábìlì rẹ̀. Ó rọrùn láti fi bírò pupa fa igi sí i, kí á kọ máàkì, kí á dá a padà.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan, Mina Shaughnessy, bá irú ìwé bẹ́ẹ̀ pàdé ní City College, ní Harlem, ìlú New York. Ní oṣù kẹrin ọdún 1969, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ Puerto Rico gba ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, wọ́n ní àfi kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí fún àwọn ènìyàn àwọn. Nígbà tó di 1970, ilẹ̀kùn ṣí: ẹni tó bá ti gba ìwé ẹ̀rí girama nílùú náà yóò rí àyè. Akẹ́kọ̀ọ́ rọ́ wọlé. Shaughnessy jẹ́wọ́ pé nígbà tí òun kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ, ńṣe ni òun jókòó sínú kíláàsì, òun ń kà á ní àkàtúnkà, òun kò mọ ibi tí òun ì bá ti bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ kò pè wọ́n ní olódo. Ó kó nǹkan bí 4,000 aròkọ tí àwọn tó ń wọlé kọ láàárín 1970 sí 1974 jọ, ó sì ń wá ìdí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé òfin tí wọ́n gbọ́ ní àbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé, pé ìbẹ̀rù àṣìṣe sì ń mú kí ẹlòmíràn máa bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan náà léraléra láìlè parí rẹ̀. Ìwé rẹ̀, Errors and Expectations, jáde ní 1977. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú, ní ẹni ọdún 54.

Tíṣà tó wà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo lè mú ọgbọ́n yìí lò ní tààrà. Ọmọ tó kọ "he" fún ìyá rẹ̀ mọ̀ pé obìnrin ni ìyá òun. "Ó" kan ṣoṣo ni Yorùbá fi ń pe takọtabo. Ẹni tó kọ "two book" ń gbọ́ "ìwé méjì" lọ́kàn, níbi tí "ìwé" kò ti yí padà. Ẹni tó ní òun "hear" òórùn, ṣebí a máa ń gbọ́ òórùn nílé? Bí tíṣà bá gbé èdè méjèèjì kalẹ̀ lójú pátákó, ọmọ yóò rí òkúta tó fẹsẹ̀ kọ. Igi pupa lásán kò lè fi í hàn án.

Ìwé kíkọ gan-an tún ṣọ̀wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì JAMB, ìdáhùn yíyàn ni látòkèdélẹ̀; ọmọ lè yege nínú rẹ̀ láìkọ gbólóhùn kan. Aròkọ WAEC tí kò gbọ́dọ̀ dín ní 450 ọ̀rọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń há sórí. Nítorí náà, kí ọmọ máa kọ ojú ìwé kan lọ́sẹ̀, kí tíṣà sì mú àléébù kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Kí tíṣà ní ìwé kékeré tí yóò máa kọ àwọn àṣìṣe tó ń jáde léraléra sí, kí ó sì máa bi ọmọ léèrè pé, "Kí lo ní lọ́kàn tí o fi kọ ọ́ báyìí?"

Àwọn tíṣà yóò sọ pé ọmọ pọ̀ jù ní kíláàsì, òótọ́ sì ni. Bí ọmọ bá jẹ́ 80, kí gbogbo wọn máa kọ, kí tíṣà mú ìwé mẹ́wàá péré lọ́sẹ̀, kí ó fara balẹ̀ kà á pẹ̀lú ẹni tó kọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, yóò ti kan gbogbo wọn, sáà kò sì ní tíì parí.