Ọba Mẹ́wàá, Ìgbà Mẹ́wàá: Ìmọ̀ràn fún Akọ́nimọ̀ọ́gbá Tó Jogún Ikọ̀ Tó Ń Borí

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí bá akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun tí yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà fa ikọ̀ aṣẹ́gun lé lọ́wọ́ mu gan-an. Aṣọ ni pápá ìṣeré tó ń gba ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún òǹwòran, aṣọ ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin alágbára tí ẹlòmíràn ti fi ẹnu dídùn gbà lọ́wọ́ òbí wọn, aṣọ náà sì ni orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tí gbogbo orílẹ̀-èdè ti mọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni yóò bá nílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì. Àkísà ni kò ní í bá níbẹ̀, ìyẹn àwọn ìjákulẹ̀, ìjà abẹ́lé àti àṣìṣe tó jẹ ẹni àná níyà fún ọdún pípẹ́ kó tó mọ ibi tí òrùlé ilé náà ti ń jò.

Bọ́ọ̀lù tí ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀ níhìn-ín kì í ṣe àfẹsẹ̀gbá. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ gùn, orí rẹ̀ méjèèjì ṣe ṣóńṣó, ènìyàn 11 ló ń wà lápá kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré tàbí tí wọ́n fi ń jù ú sí ara wọn, ẹni tó bá sì gbé e kọjá ìlà òpin àwọn alátakò ti gba àmì 6 fún ikọ̀ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn tó ń gbá a ní yunifásítì, ìwọ̀nba sáà díẹ̀ ni òfin sì fàyè gbà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ilé-ẹ̀kọ́ girama ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ti máa ń lọ dẹ wọ́n, tí yóò jókòó sí pálọ̀ ìyá àti bàbá wọn, tí yóò jẹun wọn, tí yóò sì ṣèlérí pé òun yóò tọ́jú ọmọ náà bí ọmọ òun. Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé ikọ̀ tó bá wọ pápá lónìí jẹ́ iṣu tí wọ́n ti gbìn ní ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹni tó bá jogún oko lásìkò tí iṣu ti ta kò ṣiṣẹ́ kankan lórí iṣu ọdún náà, ó kàn wà á ni. Ebè tí yóò kọ lẹ́yìn ìkórè ni yóò sọ bóyá àgbẹ̀ ni tàbí kì í ṣe àgbẹ̀.

Larry Coker wa iṣu tó dára jù lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2001, Butch Davis fi Yunifásítì Miami sílẹ̀ lọ sí Cleveland Browns, ikọ̀ àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun, àwọn agbábọ́ọ̀lù Miami fúnra wọn ló sì bẹ àwọn aláṣẹ pé Coker, tó ti ń bójú tó ìkọlù ikọ̀ náà láti ọdún 1995, ni kí wọ́n fi sípò. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12 ni wọ́n gbá ní sáà náà, wọ́n sì borí nínú gbogbo rẹ̀. Nínú àwọn tó wà nínú ikọ̀ náà, 38 ni àwọn ikọ̀ olówó NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun, padà yàn sọ́dọ̀, tí 17 nínú wọn sì wà lára àwọn àṣàyàn ìpele kìíní. Àwọn kan ń sọ pé ẹnikẹ́ni ni ìbá fi irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ borí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ajogún ni kì í lè dá ọwọ́ dúró nígbà tí ohun gbogbo bá ń lọ déédéé, kí wọ́n má baà dà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Coker dá ọwọ́ dúró, ọgbọ́n gidi sì ni. Sáà tó tẹ̀ lé e ni Ohio State fi àmì 31 sí 24 dá a dúró ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 2003, lẹ́yìn àfikún àsìkò ẹ̀ẹ̀mejì, tí ìṣẹ́gun 34 tó tò tẹ̀ lé ara wọn sì dópin. Láti ìgbà náà ni iṣu Davis ti ń tán lóko díẹ̀díẹ̀: ìpàdánù 2 ní 2003, 3 ní 2004, 3 ní 2005, 6 ní 2006. Wọ́n lé e lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó borí nígbà 60 tó sì pàdánù nígbà 15 péré.

Ẹni tí Coker nà láti gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 2002, pẹ̀lú àmì 37 sí 14, jẹ́ ajogún bíi tirẹ̀. Frank Solich ti Nebraska ni, ọmọ bíbí inú ilé náà, tó gbá bọ́ọ̀lù fún un nígbà èwe rẹ̀, tó sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ Tom Osborne fún nǹkan bí ogún ọdún kó tó gorí oyè lọ́dún 1998, nígbà tí Osborne gba ife-ẹ̀yẹ 3 láàárín sáà 4 tó sì fẹ̀yìn tì. Ìṣẹ́gun 58, ìpàdánù 19, wọ́n sì tún lé òun náà ní ìparí ọdún 2003, ní sáà tó borí lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ọ̀pá tí wọ́n fi wọn Osborne ni wọ́n fi wọn án, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ti sọ pé ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Nítorí náà, ó yẹ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọ́n bá pè sí irú ilé bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ jókòó ti olùdarí eré ìdárayá, kó tó fọwọ́ sí ìwé, kó bi í ní gbangba pé iye ọdún mélòó ni yóò fún òun kí iṣu tí òun gbìn tó ta. Bí olùdarí náà bá fi ẹ̀rín dáhùn, ìdáhùn ti dé nìyẹn.

Bill Callahan tó gba ipò Solich ṣe àṣìṣe mìíràn, tó sì lè jẹ́ pé òun ló wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn ọlọ́gbọ́n. Eré tí wọ́n ń pè ní option ni Nebraska mọ̀ dunjú: quarterback, ìyẹn ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù lákọ̀ọ́kọ́ tó sì ń pàṣẹ eré, yóò gbé bọ́ọ̀lù sáré, yóò máa wo ìrìn alátakò kan ṣoṣo, ìrìn ẹni náà ni yóò sì sọ fún un bóyá kó di bọ́ọ̀lù mú tàbí kó jù ú sí ẹnìkejì tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó lẹ́sẹ̀ eré àti àwọn tó lágbára láti ti ènìyàn ni wọ́n ti kó jọ fún un. Callahan gbé eré jíju bọ́ọ̀lù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ikọ̀ olówó NFL, ó sì fẹ́ kí àwọn tí wọ́n kó jọ fún sísáré di ajùbọ́ọ̀lù láàárín oṣù mélòó kan. Ní 2004, Nebraska borí nígbà 5 ó sì pàdánù nígbà 6, èyí tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ láti 1961. Bí ẹyẹ bá ṣe fò ni à ń sọ òkò rẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ yí eré padà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí irú ọmọ tó ń lọ dẹ padà, kó sì fara da eré àtijọ́ títí àwọn ọmọ tuntun yóò fi dé.

Ọ̀rọ̀ àmì ìrántí tún wà, èyí tí kò kan eré rárá, ṣùgbọ́n tó lè ba ọkàn ìlú jẹ́ ju ìpàdánù lọ. Bear Bryant, tó gba ife-ẹ̀yẹ 6 fún Alabama, máa ń gun ilé-ìṣọ́ onírin kan ní pápá ìgbáradì, láti òkè níbẹ̀ ni yóò sì ti máa wo gbogbo ọmọ rẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì ní òpin 1982, ó sì kú ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1983, kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ ìkẹyìn. Ray Perkins, tó ti gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀, gba ipò, ó sì ní kí wọ́n wó ilé-ìṣọ́ náà kúrò. Kò ṣẹ òfin kankan, kò sì sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí irin ń bá ènìyàn borí, ṣùgbọ́n ojú ọ̀fọ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń wo irin yẹn. Ní sáà rẹ̀ kejì, 1984, ìpàdánù ju ìṣẹ́gun lọ ní Alabama fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1957, Vanderbilt, tí kò sí ẹni tó ń kà sí, sì wà lára àwọn tó nà wọ́n. Ilé-ìṣọ́ náà padà sí pápá lẹ́yìn tí Perkins lọ tán. Ohun tí ẹni àná fi ọwọ́ kàn títí ó fi di ère, ẹni òní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án ní sáà méjì àkọ́kọ́. Bí kò bá fẹ́ gùn ún, kó dúró nísàlẹ̀.

Ogójì ọdún kọjá kí Vanderbilt tó tún rí Alabama nà. Nick Saban, tó gba ife-ẹ̀yẹ 6 níbẹ̀, fẹ̀yìn tì ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 2024, ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n mú Kalen DeBoer wá láti Washington. Ní òpin oṣù kẹsàn-án, ó na Georgia ní 41 sí 34, wọ́n sì gbé ikọ̀ rẹ̀ sí ipò kìíní ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn náà, ní ìlú Nashville, Vanderbilt di bọ́ọ̀lù mú fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 40 nínú 60, wọ́n borí ní 40 sí 35, àwọn òǹwòran sì fa òpó góòlù tu, wọ́n gbé e lé èjìká gba àárín ìgboro, wọ́n sì jù ú sódò Cumberland. Àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran: kò sí bí àlejò ṣe lè mọ̀ láàárín oṣù mẹ́sàn-án irú ìkórira tí gbogbo ìlú kékeré ti ń tọ́jú de Alabama. Àwọn àgbà tó bá nílé, láti orí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ títí dé orí ẹni tó ń fọ aṣọ eré, ni yóò sọ fún un, bó bá lè bi wọ́n léèrè.

Láyé Bryant, ajogún kì í bẹ̀rù pé iṣu yóò rìn kúrò lóko lálẹ́. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni ìwé orúkọ orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní transfer portal ti wà, níbi tí agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ lọ sí yunifásítì mìíràn ń forúkọ sílẹ̀, láti 2021 sì ni ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ kò ti ní láti jókòó fún ọdún kan kó tó gbá bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn tí akọ́nimọ̀ọ́gbá kan kúrò ní Virginia ní òpin 2021, ọmọ Yorùbá kan, Olusegun Oluwatimi, tó ń fi bọ́ọ̀lù lé quarterback lọ́wọ́ láti àárín, kó lọ sí Michigan, ibẹ̀ ló sì ti gba ẹ̀bùn Outland àti Rimington lọ́dún 2022. Nígbà tí Saban lọ, àyè ọjọ́ 30 ṣí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, Caleb Downs, ọ̀kan lára àwọn tó dáa jù nínú wọn, sì lọ sí Ohio State. Nítorí náà, kí ajogún tó bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, kó ti wọ yàrá àwọn ọmọ, kó pe olúkúlùkù lórúkọ, kó sì tún pe òbí wọn lórí fóònù. Ìlérí tí wọ́n ṣe nínú pálọ̀ kò bá ẹni tó ṣe é lọ. Ẹni tó wọlé dé ló jogún ìyẹn náà.

Downs tó lọ sí Ohio State bá ajogún mìíràn níbẹ̀. Ryan Day ti gba ipò Urban Meyer láti 2019, ó ń borí lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n Michigan, ọ̀tá ilé náà tí Meyer kò pàdánù sí rí, nà án lẹ́ẹ̀mẹrin tẹ̀ léra, èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ 13 sí 10 ní pápá rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, tí àwọn ará ilé rẹ̀ fi hó lé e lórí. Ọjọ́ 51 lẹ́yìn náà, ní Atlanta, ó na Notre Dame ní 34 sí 23, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ. Marcus Freeman ló dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì pápá, tó jogún Notre Dame lọ́wọ́ Brian Kelly ní òpin 2021, tí Northern Illinois sì ti nà nílé rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án sáà yẹn kan náà. Sáà kẹfà Day nìyẹn, sáà kẹta Freeman.