Mohammad Nissar: Ìdíje Mẹ́fà Péré

Nínú ẹ̀kọ́ oṣù yìí, ìbéèrè kan ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò: ṣé bí iṣẹ́ ènìyàn ṣe pọ̀ tó ni a fi ń mọ iyì rẹ̀, àbí bí ó ṣe lo ìwọ̀nba àyè tí ó rí? Ìtàn Mohammad Nissar, ọmọ Mùsùlùmí ilẹ̀ Íńdíà, ni a ó fi dáhùn.

Ọdún 1910 ni a bí i ní Hoshiarpur, ní agbègbè Punjab. Eré kírìkẹ́ẹ̀tì ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ẹni tí kò bá mọ eré yìí, kí ó fojú inú wo ọ̀pá mẹ́ta tí a rì mọ́lẹ̀, tí ẹnì kan dúró níwájú wọn, tí ó mú pátákó lọ́wọ́ láti dáàbò bò wọ́n. Ẹlòmíràn yóò sáré wá, yóò ju bọ́ọ̀lù líle. Bí bọ́ọ̀lù bá ba ọ̀pá, onípátákó ti jáde nìyẹn. Jíju bọ́ọ̀lù kíkankíkan ni iṣẹ́ Nissar.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1932, Íńdíà kọ́kọ́ bá Íńgílándì díje gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè, ní pápá Lord's ní Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Sutcliffe àti Percy Holmes ni ó kọ́kọ́ di pátákó mú. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn méjèèjì jọ kó ayò 555 jọ fún Yorkshire. Ta ni kò ní bẹ̀rù wọn? Ṣùgbọ́n Nissar, ọmọ ọdún 21, fi bọ́ọ̀lù ba ọ̀pá àwọn méjèèjì: Sutcliffe jáde pẹ̀lú ayò 3, Holmes pẹ̀lú 6. Ayò 19 péré ni Íńgílándì ní nígbà tí ẹnì kẹta wọn jáde. Lóòótọ́, Íńgílándì ni ó borí níkẹyìn, ṣùgbọ́n ẹni márùn-ún ni Nissar ti lé jáde ní abala àkọ́kọ́. Ó tún lé ẹni márùn-ún jáde ní abala kan ní Bombay ní 1933, àti ní pápá Oval ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1936.

Kì í ṣe òun nìkan. Amar Singh, ẹlẹ́sìn Híńdù, ni ó ń ju bọ́ọ̀lù láti apá kejì. Ẹ̀sìn wọn yàtọ̀, iṣẹ́ wọn jẹ́ ọ̀kan.

Lẹ́yìn 1936, ogun àgbáyé dé. Íńdíà kò tún bá orílẹ̀-èdè kankan díje bẹ́ẹ̀ títí di 1946. Amar Singh ti kú ní 1940. Ìgbà Nissar náà sì ti kọjá. Ìdíje 6 péré ni ó ṣe, ẹni 25 ni ó lé jáde.

Ní 1947, wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì. Hoshiarpur bọ́ sí Íńdíà, Nissar di ará Pakistan. Ìlú Lahore ni ó kú sí ní 1963. Síbẹ̀, láti 2006 sí 2008, ife-ẹ̀yẹ tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ni àwọn ẹgbẹ́ tó gbégbá orókè ní Íńdíà àti ní Pakistan ń dù.

Kí ni a rí kọ́? Èkíní, ìwọ̀nba tí a bá ṣe dáadáa kì í ṣègbé. Èkejì, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lè má jẹ́ ẹlẹ́sìn wa. Ẹ jẹ́ kí á bá a ṣe é ní òtítọ́. Ẹ̀kẹta, a kò mọ ìgbà tí àyè yóò dí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, èyí tí ẹ lè ṣe lónìí, ẹ má fi í di ọ̀la. Kí Ọlọ́hun fi òye yé wa. Àmín.