Iṣẹ́ Fídíò Ìròyìn: Ẹ Fi Tọmọ Jẹ́ Ẹ

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, tàbí ní Abraham Adésànyà Polytechnic ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ẹ ti wá di àgbà ẹnjiníà níbi tí wọ́n ti ń gbé fídíò ìròyìn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi òwe yìí bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí olóòtú máa ń rán yín kì í gùn: kí fídíò yìí ti wà lórí ìkànnì kó tó di aago méje. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ bí ẹrú yóò gbé e síbẹ̀, yóò wò ó lórí kọ̀ǹpútà ńlá tó wà níwájú rẹ̀ ní Ìkẹjà, yóò ní ó ti parí. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ bí ọmọ yóò bèèrè bóyá ìyá tó ń yan ẹja ní Ìwópin, ní Ògùn Waterside, rí i wò pẹ̀lú ìwọ̀nba dátà tó rà.

Nígbà tí tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní ọdún 1959, òpó ló ń fọ́n àwòrán ká. Bí ilé mẹ́wàá wò ó, bí ẹgbẹ̀rún ilé wò ó, ìnáwó òpó kò yí padà. Ti íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù kọ̀ọ̀kan ló ń bèèrè ẹ̀dà tirẹ̀, òǹwòran fúnra rẹ̀ ló sì ń san owó dátà tó gbé e wá. Fídíò tó bá ń gba mẹ́gábíìtì 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan yóò jẹ gígábáìtì 1.35 ní wákàtí kan. Èyí tí a bá fún pọ̀ dé kílóbíìtì 300 yóò jẹ mẹ́gábáìtì 135 péré. Àwòrán rẹ̀ kò ní mọ́ bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n a ó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, a ó sì gbọ́ ohun tó sọ.

Ìdí nìyí tí a fi ń gé fídíò sí wẹ́wẹ́, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà mẹ́fà tàbí mẹ́wàá mẹ́wàá, tí a sì ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní oríṣiríṣi ìwọ̀n. Fóònù yóò wo bí nẹ́tíwọ̀kì ṣe lágbára tó kó tó mú èyí tó kàn, bí ìyá ṣe ń bu òkèlè kékeré fún ọmọ tí ọ̀fun rẹ̀ kò tíì fẹ̀. HLS, tí Apple gbé jáde ní ọdún 2009, ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò fún un. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni pé òkèlè tó kéré jù nínú àwo wọn ṣì tóbi jù fún ẹni tó wà létí omi. Ẹ fi ìwọ̀n tó kéré gan-an síbẹ̀, kí ẹ fi ohùn nìkan kún un. Ẹ má jẹ́ kí fídíò dá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ ẹ́. Owó olówó ni ẹ ń ná. Kí ẹ tó ní ó dára, ẹ wọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó pẹ̀lú fóònù olówó pọ́ọ́kú, ẹ dúró nídìí ẹ̀rọ ìlagi, ẹ wò ó níbẹ̀.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ níí fọ́. Èyí ló ká mi lára jù. Kí fídíò lè tètè dé, a máa ń fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sórí àwọn kọ̀ǹpútà tó súnmọ́ òǹwòran, ní Èkó àti láwọn ìlú míì. Bí olóòtú bá wá rí i pé àwòrán ìjà tí wọ́n gbé jáde kì í ṣe ti ọdún yìí, tàbí pé wọ́n fi ojú aláìmọwọ́-mẹsẹ̀ hàn bí ọ̀daràn, pípa á rẹ́ lórí server yín kò tó. Àwọn ẹ̀dà yẹn yóò ṣì máa pa irọ́ náà fún ẹni tó bá bèèrè, títí àsìkò tí ẹ dá fún wọn yóò fi pé. Ẹ ṣe bọ́tìnì kan tí olóòtú lè tẹ̀ fúnra rẹ̀ lóru, tí yóò kó gbogbo ẹ̀dà kúrò, tí yóò sì fi àtúnṣe sí ojú kan náà, kí ẹni tí wọ́n fi líǹkì náà ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp lè bá òótọ́ níbẹ̀. Fáìlì tí wọ́n bá ti gbé lọ kò ṣeé lé bá mọ́, nítorí náà ìṣẹ́jú kan ò gbọdọ̀ ṣòfò. Bí ọ̀gá bá ní bọ́tìnì kò mówó wọlé, ẹ bá a jiyàn, ẹ má sì tètè dákẹ́.

Síbẹ̀, ẹ má torí èyí sá fún ẹ̀dà tó wà nítòsí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun bíi MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà sì ń fà. Nítorí náà, ẹ tọ́jú ẹ̀dà sí Èkó, ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ sókè òkun.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ìbò ọjọ́ 25 oṣù Èrèlé ọdún 2023, èsì ìbò ààrẹ kò gòkè sórí ìkànnì IReV ti àjọ elétò ìdìbò INEC lásìkò. Irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ni èrò ń ya lu fídíò ìròyìn. Kí ẹ ti dán iṣẹ́ yín wò pẹ̀lú èrò púpọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí orúkọ yín sì wà nínú àwọn tí wọn yóò pè lóru, kó má jẹ́ ọmọdé nìkan ló ń ṣọ́nà. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọdé náà bá tẹ ohun tí kò yẹ, ẹ tún un ṣe ná, ẹ má pariwo mọ́ ọn. Ọmọ tó bá ń bẹ̀rù èébú yóò fi àṣìṣe kejì pamọ́ fún yín. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ wá ohun tó gbà á láyè láti tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì dí ojú ibẹ̀ kó tó di ìbò 2027.